Ìdákẹ́ Kẹtàdínlógóje

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fojú kàn án, ọmọbìnrin náà ń mi orí sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àtijọ́ kan, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bo etí méjèèjì, ó sì di ojú. Téépù ń yí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó máa ń fò sókè bí ohùn bá ti dé sùn gbọọrọ sílẹ̀, kò mira. Síbẹ̀ ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tí àgbàlagbà ń bá sọ̀rọ̀, tó ń dáhùn pé mo gbọ́, mo gbọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àpò kọ̀ǹpútà wà léjìká rẹ̀, lẹ́tà yunifásítì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò la ojú. Ó kàn na ìka kan sókè: dúró ná. Ó dúró. Inú yàrá náà tutù ju ìta lọ, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé àwọn méjì nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ fò sókè. Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀, ó la ojú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú. A kì í dá wọn lẹ́nu."

"Àwọn wo? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Ẹ ò tíì jókòó, báwo lẹ ṣe máa gbọ́? Ẹ̀yin ni yunifásítì rán wá?"

"Èmi ni."

"Wọ́n wá rán ẹni tó ga tó báyìí wá sí ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Ẹ tẹrí ba kẹ́ ẹ tó wọlé, kí wọ́n má lọ sọ pé a lu àlejò."

Ó tẹrí ba, àmọ́ atẹ́rígbà ṣì gbá a níwájú. Ẹ̀rín tí ọmọbìnrin náà rín lọ́jọ́ náà, títí ló fi ń gbọ́ ọ létí.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wọn ti sọ ọ́ ní Yunifásítì. "Yunifásítì, ṣé o sùn dáadáa?" "Yunifásítì, orí rẹ ń kọ́?" Ọmọbìnrin náà ni wọ́n ń pè ní Olùtọ́jú, nítorí òun ló ń tọ́jú ilé àkójọ àwọn ará àfonífojì. Ìjọba ló sé odò nígbà kan, tí omi gun orí ilé wọn, tí wọ́n sì sá gun òkè. Ìyá àgbà Olùtọ́jú, tó jẹ́ tíṣà, ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń gba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀: ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó ni oko wo, ọ̀nà tí wọ́n gbà sá. Téépù mọ́kànlélógójì ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àti máàpù tí wọ́n fi ọwọ́ yà.

Àdéhùn tí wọ́n bá yunifásítì ṣe kò lọ́jú pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló ni ẹ̀rọ àti ìmọ̀. Àwọn ará àfonífojì ló ni ohùn. Olùtọ́jú ló fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo wọn. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, kò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà nítorí ọmọ rẹ̀.

Àwọn téépù náà ti gbó, gbígbọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ wọ́n sí i. Wọ́n ń họ bí awọ alángbá. Wọ́n ní láti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbẹ nínú ààrò kékeré kan, kí wọ́n sì gbé e sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kọ̀ǹpútà gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, eruku pupa nìkan ló ń kù. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló kù láyé.

Iṣẹ́ yìí bá Yunifásítì lára mu, nítorí láti kékeré ni kì í lè rí nǹkan tó dì kó má tú u. Ó ti tú aago bàbá rẹ̀, ó ti tú kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé, a sì máa fi àlọ́ onínọ́ńbà pa ebi. Ṣùgbọ́n Olùtọ́jú yìí, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Ṣé o mọ̀ pé bó o bá ń ronú, ahọ́n rẹ máa ń yọ síta bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ABD?" Olùtọ́jú bi í lọ́sẹ̀ kẹta.

"Ṣé iṣẹ́ lò ń wò ni, àbí ẹnu mi?"

"Kí lo fẹ́ kí n wò? Òkúta?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kùrukùru bo adágún, Olùtọ́jú mú un lọ sétí omi. Omi náà dákẹ́ bí ojú gíláàsì. Nísàlẹ̀, ohun kan tó dúdú tó sì rí bí òrùlé ń hàn, kò sì hàn. "Ilé wa nìyẹn," ó wí. "Bí omi bá fà, bàbá mi máa ń wá síbí. Kì í sọ ohun tó ń wò."

Yunifásítì fẹ́ béèrè, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ti di ọwọ́ rẹ̀ mú kí òun tó ronú sí i. "Mo fẹ́ràn rẹ," ó wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ìwọ tó ń tú gbogbo àdììtú, èyí lo pẹ́ jù kó o tó tú." Kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ayọ̀ mi, jẹ́ ká máa lọ. A kì í pẹ́ níbí."

Lọ́sẹ̀ kẹfà ni gbogbo téépù tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù. "O káre. Fọ ohùn náà mọ́ kó o tó fi ránṣẹ́. Ibi tó bá ṣófo, gé e kúrò. Àwọn èèyàn ò ní sùúrù láti máa dúró."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí rẹ̀. Ó ti ṣàkíyèsí àwọn ibi òfìfo yẹn. Ó rò pé àwọn àgbà gbàgbé ọ̀rọ̀ ni. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì gé ibi mẹ́rìndínlógóje jáde láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó so gbogbo wọn pọ̀ di fáìlì gígùn kan láìkọ ibi tí èyíkéyìí ti wá sí i lára. Ó fi ohùn tuntun rọ́pò ti àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ dùn. Ó sáré pe Olùtọ́jú.

"Wá gbọ́ bó ṣe ń dán!"

Ohùn ìyá arúgbó kan jáde: "A jáde nílé, èmi, ìyá mi, ọkọ mi, a gun òkè, a wẹ̀yìn."

Olùtọ́jú dúró gbagidi. "Tún un gbé."

Ó tún un gbé. *Èmi, ìyá mi, ọkọ mi, a gun òkè.*

"Ọmọ rẹ̀ dà?"

"Ọmọ wo? Kò dárúkọ ọmọ kankan."

"Mo mọ̀ pé kò dárúkọ rẹ̀!" Ohùn rẹ̀ já. Ó fà sẹ́yìn, ó sì jókòó sórí àpótí. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbọ́. "Èèyàn méje ni kò gun òkè lọ́jọ́ omi. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í pe orúkọ wọn. Ẹnu ò gbà á. Bí olùsọ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, á dákẹ́. Ìyá àgbà ò pa ẹ̀rọ rí. Ó ní ìdákẹ́ náà wà lára ọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ ọmọ yẹn kúrú. Ti bàbá arọ kan gùn, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n padà lọ wá a. Ẹni tó bá jẹ́ ará ilé máa ń mọ tirẹ̀ bó bá ti gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n kù sí nìyẹn."

"O ò sọ fún mi."

"Mo ní kó o kó gbogbo ohun tó wà lórí téépù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun tí a kì í sọ?"

Nínú yàrá náà, nǹkan kan ti yí padà. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n yàrá náà ò dákẹ́ mọ́. Nǹkan kan ń kùn lábẹ́lẹ̀, bí omi tó ń wá ọ̀nà wọlé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá ti gbọ́. Ó dé pẹ̀lú igi-ìdiwọ̀n lọ́wọ́ àti eruku pákó lára. Ó gbọ́ ohùn ìyá arúgbó náà lẹ́ẹ̀kan, kò ní kí wọ́n tún un gbé. Ó kọjú sí Yunifásítì.

"Àwọn tí omi gbé lẹ́ẹ̀kan, ìwọ tún gbé wọn lẹ́ẹ̀kejì."

"Bàbá, ẹ dákun, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ìyẹn ò dá wọn padà." Ó kọjú sọ́mọ rẹ̀. "Ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù tí àwọn ẹbí máa wá jókòó gbọ́. Bí wọn ò bá bá àwọn èèyàn wọn níbẹ̀, ìgbìmọ̀ á fa ìwé àdéhùn ya, wàá sì gbé kọ́kọ́rọ́ ilé yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àti èyí tẹ́ ẹ jọ ń ṣe yìí, tẹ́ ẹ rò pé ojú mi ò tó o: ẹni tó gé àbúrò mi kúrò láyé ò lè jókòó nílé mi láti máa pè mí ní bàbá ìyàwó."

Nígbà tí bàbá lọ, Yunifásítì na ọwọ́. "Ayọ̀ mi…"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó má dààmú, pé àlàfo lásán ni, kó di ẹrù rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ti ń dúró. "Ọ̀gá," ó wí, "ẹ fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ yẹn. Mi ò tíì parí tibí." Ó sì pa fóònù kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dá jókòó, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bo etí, ó ṣí fáìlì gígùn náà, tí kò tíì pa rẹ́. Abẹ́rẹ́ sùn. Ó kọ́kọ́ gbọ́ òfo. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ aago ògiri kan tó ń dún lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ èémí. Ẹnì kan fa èémí sínú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́. Ẹlòmíràn tún fà á. Èémí lórí èémí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan, kò sí èyí tó di ọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gbọ́ wọn, orí rẹ̀ wú, nítorí ó yé e pé òun nìkan kọ́ ló ń gbọ́. Àwọn náà ń gbọ́ òun. Ooru èémí ti bo gíláàsì fèrèsé láti inú, bí ìgbà tí èrò kún yàrá kan, tí gbogbo wọn sì ń mí.

Ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí, ó rìn lọ sílé káfíńtà, ó sì dúró síta ẹnu ọ̀nà láìgun àtẹ̀gùn.

"Wọ́n wà níbẹ̀," ó wí fún Olùtọ́jú. "Gbogbo wọn. Mo kàn da ilé wọn rú ni. Bá mi dá ẹnì kọ̀ọ̀kan padà sílé ẹ̀."

Olùtọ́jú jáde sí i. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "O ò sùn."

"Ìwọ náà ò sùn."

"Dúró kí n wọ bàtà."

Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó ní àwọn méjèèjì ò ní dá jókòó. Ó rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí gbogbo ayé ń pè ní Àǹtí, tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ alátẹ̀lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wá sínú yàrá náà lórí ọmọlanke.

"Ẹ jìnnà síra yín díẹ̀," Àǹtí wí, bó ti jókòó. "Ojú mi ò dá mọ́. Mi ò lè máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ kí n tún máa ṣọ́ èèyàn."

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é. Aago ìyá àgbà ń dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gbogbo. Bí ọ̀rọ̀ bá gé nígbà tí aago fẹ́ dún, ìdákẹ́ tó ni ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dídún aago. Ibi tí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù, wọ́n á wá ìdákẹ́ olójò. Ibi tí ajá bá ti gbó, wọ́n á wá ibi tó ti gbó parí. Yunifásítì ń wọn ìṣẹ́jú àáyá, Olùtọ́jú ń tẹ́tí sí èémí. Àǹtí ò gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀, á kàn sọ pé: "Rárá. Ìdákẹ́ ọkọ obìnrin yẹn kò gùn tó bẹ́ẹ̀."

Bí wọ́n bá fi èyí tí kò tọ́ síbẹ̀, òtútù á gba yàrá, èémí á sì bo gíláàsì. Bí ó bá tọ́, gíláàsì á mọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò bẹ̀rù mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Olùtọ́jú ti ń sọ fún fèrèsé pé, "Ẹ fara balẹ̀, à ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ," Yunifásítì ráhùn sí Àǹtí.

"Àwọn ò gé nǹkan kan," Olùtọ́jú dáhùn. Ṣùgbọ́n ó ti bù lára búrẹ́dì rẹ̀, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìwò ó. Lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tí oorun gbé Àǹtí lọ, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀. "Mo bínú sí ọ," ó wí. "Mo ṣì ń bínú. Má mira."

Kò mira.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, láàárọ̀ kùtù, wọ́n fi èyí tó kẹ́yìn síbẹ̀. Àlàfo mẹ́rìndínlógóje, gbogbo wọn ti dí. Ohun tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ dákẹ́. Yunifásítì ń na ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó rí i pé fáìlì gígùn náà kò tíì tán. Ìdákẹ́ kan ṣẹ́kù.

"Kò ṣeé ṣe. Mo kà wọ́n lọ́jọ́ tí mo gé wọn."

"Bóyá a fo ibì kan."

Wọ́n wá a nínú téépù gbogbo. Kò sí ibi tó gbà á. Ní ìparí, Olùtọ́jú ní kí wọ́n gbé e sókè kí gbogbo yàrá gbọ́. Kò sí aago ògiri níbẹ̀. Èèyàn méjì ló ń mí, wọ́n sún mọ́ra, èémí wọn ń lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn wọn, irin kan ń dún: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.

Àǹtí dáwọ́ dúró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. *Kẹ̀rẹ̀.*

"Ẹsẹ̀ mi nìyẹn," ó wí kẹ́lẹ́.

"Fáìlì yìí ti wà kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ yẹn wọbí," Yunifásítì wí. Irun apá rẹ̀ dìde. "Ó ti wà kí àwa méjèèjì tó jókòó."

"Ẹ̀yin ń gbọ́ wọn láti ọjọ́ yìí," Àǹtí wí. "Ṣé ẹ rò pé wọn ò ní etí ni?" Ó fa òwú já, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ni àwọn ẹbí dé. Yàrá kún débi ògiri. Wọ́n gbé ohùn kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ìdákẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti dé, apá kan nínú èrò á tẹ orí ba, àwọn yòókù á sì dúró dè wọ́n. Ní ìparí, ó kan téépù tí ìyá àgbà ti gba ohùn káfíńtà fúnra rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́.

"Mo di ọwọ́ ìyá mi mú," ohùn ọ̀dọ́ náà wí, "ẹ̀gbọ́n mi di aṣọ mi mú. Mo wá fi ọwọ́ kejì di ọwọ́…"

Ó dákẹ́.

Yunifásítì ò wo ẹ̀rọ. Bàbá ló ń wò. Bàbá ti tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí orúnkún. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà ká, ṣùgbọ́n kò di ìkúùkù. Àyè kan wà láàárín rẹ̀, tó tó ọwọ́ ọmọ kékeré. Èémí bo gíláàsì fèrèsé, ó ku ibì kan ṣoṣo tó mọ́ roro, níbi tí orí ọmọ ọdún márùn-ún lè dé bó bá fi imú kan gíláàsì láti wo ìta. Nínú ìdákẹ́ náà ẹnì kan fa èémí sínú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tú u síta.

"A dé orí òkè," ohùn ọ̀dọ́ náà wí.

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀. "Ó wà níbẹ̀," ó wí. "Kò lọ síbì kankan." Àǹtí sì fi ìborùn bo ojú.

Nígbà tí èrò tú ká, bàbá ṣì jókòó. Ó fa ìwé àkójọ sọ́dọ̀, ó yọ pẹ́ńsùlù kúrò lẹ́yìn etí. "Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kan ṣẹ́kù. Mo ti gbọ́ ọ. Kò sí ohùn tí a lè fi sílẹ̀ nínú ilé yìí kó má ní ilé tó ni ín. Ilé ta ni kí n kọ?"

Yunifásítì dìde. "Bàbá, èmi pẹ̀lú ọmọ yín ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ilé méjì. Ẹyọ kan ni kí ẹ kọ."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo pákó tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbẹ. "Ọmọ mi lò ń tọrọ, àbí ìlà kan nínú ìwé?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá. Ìlà náà á tẹ̀lé e."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi ni èsì wà." Ó ti ìwé náà síwájú ọmọ rẹ̀.

Olùtọ́jú ò gba pẹ́ńsùlù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọjú sí Yunifásítì. "Omi yìí ò ní gbẹ o. Àwọn èèyàn yìí ò sì ní fi wá sílẹ̀. Bó o bá fẹ́ mi, gbogbo wa lo fẹ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àtàwọn tí ò sọ̀rọ̀. Ṣé wàá lè bá wa gbé?"

"Màá bá yín gbé."

"Àwọn tó rán ọ wá ń kọ́?"

"Àwọn ni kó máa wá bá wa. Màá sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹrí ba lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé sì tẹ̀lé e. Ó gba pẹ́ńsùlù. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sórí ìlà náà, *ilé wa*, ó yí ìwé padà kí bàbá rẹ̀ lè kà á. Bàbá kà á, ó mi orí, ó fọwọ́ sí i lábẹ́ bí alága.

"Ó dáa," Àǹtí wí, ó ti fa téépù ìwọnṣọ yọ lọ́rùn. "Ìwọ gíga, dúró dáadáa kí n wọn èjìká rẹ. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ máa jẹ aṣọ o."